Bàbá Mi Fọ Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò

Kí n tó bọ́jú láàárọ̀, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ikùn mọ́tò mi ni mo máa ń lọ wò. Màá ká ìró mi sókè, màá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, màá wò ó bóyá ó ṣì dúró tàbí ó ti jókòó. Mọ́tò àwọn ẹlòmíì máa ń dúró bí wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ṣọ́kù tirẹ̀, bí afẹ́fẹ́ náà bá sì ti jò kílẹ̀ tó mọ́, n ó bá a nílẹ̀, tó fi àyà lélẹ̀ bí ajá tí oòrùn mú. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ náà kò ní lè gba ọ̀fun mi kọjá.

Edé àti ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní Igbókòdá. Baálé mi ń ṣiṣẹ́ ní Wàrí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, nítorí náà èmi nìkan ni mo máa ń bá mọ́tò náà fà á. Tòkunbọ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe irú tòkunbọ̀ tí gbogbo ayé ń gùn. Awọ ni ìjókòó rẹ̀, bọ́tìnnì kan sì wà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìjókòó náà á máa gbóná fúnra rẹ̀, nílùú tí ooru ti fẹ́ pa wá kú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í dún gbàà bí ẹ bá tì í, ńṣe ló máa ń rọra wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, egungun ló kù fún mi. Ẹni tó bá sì rí mi nínú rẹ̀ lójú títì á ní ayé mi ti dáa. Wọn ò mọ̀ pé etí ni mo fi ń wa mọ́tò, kì í ṣe ọwọ́. Bí òkúta bá ta lábẹ́ rẹ̀, màá páàkì. Bí iná kan bá tàn níwájú mi níbi tí àwọn iná ìkìlọ̀ wà, àyà mi á já. Bí iná ọ̀hún bá tún kú fúnra rẹ̀, àyà mi á tún já, torí n ò mọ ohun tó pa á.

Òkìtìpupa ni mẹkáníìkì mi wà, torí àwọn tó wà nítòsí wa kì í fẹ́ fọwọ́ kan irú mọ́tò yìí. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún rọra dé e padà bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá àlejò. Ará Òkìtìpupa yìí láyà ní tirẹ̀, ó sì mọṣẹ́, àmọ́ mo ti yọ ọ́ lẹ́nu débi pé bó bá ti rí nọ́ńbà mi lórí fóònù, kò ní kí mi kú àárọ̀. "Màdámù, kí ló tún dún?" ló máa ń sọ. Èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe ohun tí mo gbọ́: ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó ń dún fììì. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀ pé bí mo bá ń fi ẹnu dún báyìí nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má dá sí i.

Ohun tó burú jù ni afẹ́fẹ́ ibí. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ni. Ó ń jẹ páànù, ó ń jẹ ìṣó, ó ń jẹ àgádágodo ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń fi ọwọ́ ra mọ́tò náà lára láàárọ̀, bí ọwọ́ mi bá sì lẹ̀ díẹ̀, inú mi á bàjẹ́ títí di ọ̀sán. Àwọn èèyàn bi mí títí pé kí ló dé tí n kò tà á, kí n ra èyí tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀. Èsì kan ṣoṣo ni mo ní, èsì náà sì ni bàbá mi.

Awóyè ni bàbá mi ń gbé, nínú ilé pákó tó dúró lórí òpó, níbi tí wọ́n bí mi sí. Òkun ń jẹ Awóyè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wá ká tó dé etí òkun láti ilé wa. Nísinsìnyí, ẹni tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi, ìfóòfó omi á máa ta sí i lẹ́sẹ̀. Àwọn ilé tó wà níwájú tiwa ti lọ. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti tú pákó ilé wọn, wọ́n ti dì í sínú ọkọ̀, wọ́n ti wá ibòmíì lọ. Ìyá mi ti kú, bàbá mi nìkan ló kù níbẹ̀, kò sì fẹ́ kúrò. Mo ti kun yàrá kan fún un nílé mi, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì, mo ti ṣe fèrèsé tó kọjú sí omi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, "Mo gbọ́," ló máa ń wí, kò sì ní wá. Gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú, èmi ni n kì í lè jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á pè mí lọ́jọ́ kan pé ilé ti lọ, bàbá sì wà nínú rẹ̀.

Torí rẹ̀ ni mo ṣe ra mọ́tò náà. Ó máa ń sọ pé bọ́ọ̀sì orí ilẹ̀ ń ba òun níbàdí jẹ́, pé òun ò lè gbé níbi tí èèyàn ti ń fò sókè fò sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo wá wá mọ́tò tí kì í fò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa awọ ìjókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń lọ bí ọkọ̀ tí omi rẹ̀ pa rọ́rọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti gbọ́ ìró. Ká tó dé Òkìtìpupa, mọ́tò dákẹ́.

Lórí omi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀dọ̀ wa mọ bá a ṣe ń ṣe é. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín bá kú lójú omi, ẹ ó dìde, ẹ ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ọkọ̀ tó bá sì rí yín gbọ́dọ̀ yà. Bí ẹ tilẹ̀ ń bá onítọ̀hún jà nílé, á ju okùn sí yín, á fà yín débi tí ẹ̀ ń lọ, ẹ ó sì padà sí ìjà yín lọ́la. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó dá dúró tó sì kọjá, a kì í bá a jẹun mọ́. Bàbá mi bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, ó dúró lẹ́bàá títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mọ́tò àkọ́kọ́ kọjá. Ìkejì fọn fèrè, ó kọjá. Ó dúró bẹ́ẹ̀, àwọn tó kù náà sì ń kọjá.

"Ọma mi, ghan rí wa o!"

"Wọ́n rí wa, Bàbá."

"Ghan rí wa, ghan sì ń lọ?" Ó yíjú sí mọ́tò, ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Àjẹ̀ rẹ̀ dà?"

Mo ní mọ́tò kì í ní àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ta ló wá ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nílé láìmú àjẹ̀ dání. Mẹkáníìkì ló wá wọ́ wa níkẹyìn, a sì padà dé èbúté Igbókòdá, níbi tí bàbá mi ti wọkọ̀ lọ sí Awóyè. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, á ní òun ò lè gbé láàárín àwọn tó ń rí èèyàn tí wọ́n ń kọjá. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe fún fáàrí ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà láàárọ̀. Mọ́tò yẹn ni mo fẹ́ fi yí bàbá mi lérò padà, ọ̀rọ̀ náà sì ń jò.

Lọ́dún yìí, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó wá kí mi. Ó ní òun ò ní pẹ́, òun kàn fẹ́ rí yàrá tí mo ń pariwo rẹ̀ ni. Ó gbé àpò kékeré kan dání, kò tilẹ̀ tú u. Mo fi mọ́tò gbé e lọ kí àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́nà etí òkun. Mọ́tò náà lọ dáadáa, mo sì ti ń dúpẹ́ nínú mi, àfi bí a ṣe ń bọ̀ tí a bá omi tó gun ojú ọ̀nà. Omi iyọ̀ ni. N kò rí ibi yà sí. Mo gba inú rẹ̀ kọjá, ó ta sábẹ́ mọ́tò yàà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn láti ibẹ̀ délé. Mo ní iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, iyọ̀ á jẹ irin rẹ̀, iyọ̀ á jẹ wáyà rẹ̀, mo gbé, mo kú. Mo fi ìráhùn náà jẹun alẹ́. Bàbá mi jókòó, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́jà ní kùtùkùtù. Nígbà tí mo padà dé, mo bá bàbá mi lágbàlá pẹ̀lú ṣòkòtò tútù àti korobá lọ́wọ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò wà ní ṣíṣí. Ó ti rí i bí mo ṣe máa ń ṣí i. Gbogbo ilẹ̀ àgbàlá ló rin gbindin, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó ṣe ohun tó wú ọmọ rẹ̀ lórí.

"Mo ti fọ̀ ọ́ fún ẹ, ọma mi. Iyọ̀ kan éè sí níbẹ̀ mọ́."

Ohun tí ẹnikẹ́ni níbi omi máa ṣe ló ṣe. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó bá ti òkun dé, a kì í jẹ́ kó sùn pẹ̀lú iyọ̀. Omi kànga la fi ń fọ̀ ọ́ lára, a ó tún tì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi tó dáa, kó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ títí yóò fi pọ iyọ̀ inú rẹ̀ jáde. Ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀, wọ́n á bá a wí. Bàbá mi ti da omi kànga sí gbogbo ibi tó rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Àpótí dúdú kan wà níbẹ̀ tó ní ìdérí. Ó tú ìdérí rẹ̀, ó da omi sínú rẹ̀, torí ó ní ibi tó bá wà ní dídé ni iyọ̀ fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí. Inú àpótí yẹn ni kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọpọlọ mọ́tò wà.

Mo wọ inú mọ́tò, mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnnì. Gbogbo iná tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí mo ti rà á ló tàn lẹ́ẹ̀kan náà, pupa, ofeefee, àwọn tí n kò rí rí. Lẹ́yìn náà wọ́n kú. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo sì pariwo, mo pariwo dáadáa, mo fi ọwọ́ gbá sítíárìn. Ilẹ̀kùn olówó ńlá ni, kò jẹ́ kí ohùn mi jáde. Àmọ́ gíláàsì ni ojú rẹ̀, bàbá mi sì dúró níwájú pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu mi. Nígbà tí mo jáde, mo ní kò sí wàhálà. Kò gbà mí gbọ́. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé, kò sì jẹun ọ̀sán.

Mẹkáníìkì wá wọ́ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa. Ó ní òun máa ní láti rán ọpọlọ náà lọ sí Èkó, pé òun ò lè sọ ìgbà tí yóò dé. Mo rò pé ó parí. Mo rò pé bàbá mi yóò ní òun ti sọ fún mi pé nǹkan orí ilẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, yóò gbé àpò rẹ̀, yóò wọkọ̀. Ó tú àpò náà. Ó fi aṣọ rẹ̀ kọ́ sí ìṣó lára ògiri.

"Méè tíì lọ," ó ní. "Méè lè ba nǹkan ọma mi jẹ́ kí n wá gba ulí lọ. Bó bá dáa, mo á lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi, tó ní òun ò tíì lè relé, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀ á lọ sí èbúté, á bá àwọn apẹja di àwọ̀n wọn tó ya, á padà wálé jẹun. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè: "Mọ́tò ńkọ́?" Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹni tó bá ba nǹkan ẹlòmíì jẹ́ lójú omi kì í sùn dáadáa títí nǹkan náà fi máa dáa, bàbá mi sì ń rù. Èmi náà kò balẹ̀. Mo ń pe Òkìtìpupa láàárọ̀, mo ń pè é lọ́sàn-án. Mẹkáníìkì ní ọpọlọ ti dé láti Èkó, ó ku wáyà. Ó ní òun ti parí wáyà, ó ku kí òun tún yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Àsìkò yẹn ni òkun ru. A gbọ́ ìró rẹ̀ láti Igbókòdá bí ẹni ń wọ́ páànù jìnnà jìnnà. Nígbà tí omi rọlẹ̀, obìnrin kan tó máa ń gbé edé wá fún mi láti Awóyè wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò gbé edé kankan dání. Ó dì mọ́ mi. Ó ní kò sí ilé kankan mọ́ ní ìlà tiwa. Ó ní òpó ilé bàbá mi mélòó kan ló ṣì yọ orí nínú omi, ìyẹn ló fi mọ ibi tó wà.

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́, mo sọ ọ́ sókè, torí bàbá mi wà láàyè, ó wà ní èbúté níbẹ̀ yẹn, ó ń di àwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún ilé náà. Mo sunkún ìyá mi tó dáná níbẹ̀. Nígbà tí mo nu ojú mi tán, ìbẹ̀rù mìíràn ló kù: ta ló máa sọ fún un? Mo délé, mo la ẹnu, ó béèrè pé mọ́tò ńkọ́, mo sì pa ẹnu mi dé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ti ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ sọ pé bí mọ́tò bá dáa òun á relé, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ilé kò sí?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mẹkáníìkì pè mí fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń dùn. "Màdámù, ó ti dáa o! Kò dún kí, kò dún kọ́."

Mo ní kó tún yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní òun ti tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kó wo ṣọ́kù. Ó ní òun ti pààrọ̀ èyí tó ń jò. Mo ní kó jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀ sí i, kò sí ìkánjú.

"Màdámù, ṣé ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Láti ìgbà náà, bó bá pè, n kì í gbé e. Ẹ wo èmi tí mo ti gbàdúrà lórí mọ́tò yẹn bí ẹni ń gbàdúrà lórí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Àdúrà pé kó má dáa ni mo wá ń gbà. Mo ń dìde láàárọ̀, mo ń lọ wo ibi tó máa ń dúró sí lágbàlá, bí mo bá sì bá a lófo, ọkàn mi á fúyẹ́.

Ó sú mẹkáníìkì náà. Ó ní mọ́tò mi ń gba àyè mọ́ òun lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́ fèrè lẹ́nu ọ̀nà, èmi àti bàbá mi wà lágbàlá, ó ń di àwọ̀n kan tó gbé wálé. Mọ́tò náà wọlé, ó mọ́ tónítóní, ó dúró gangan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹkáníìkì bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ kí a lè gbọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan láti gbọ́. Mo na etí mi, etí tó máa ń gbọ́ ohun tí kò sí, n kò gbọ́ kí, n kò gbọ́ kọ́.

Bàbá mi dìde. Ó rìn lọ síbi tí aṣọ rẹ̀ kọ́ sí, mo rí i láti ojú fèrèsé, ó fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó dúró. Ó tún jáde. Ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún òun. Ó tẹ orí síbẹ̀, ó dijú, ó gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́.

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti Awóyè dé, iwájú ibi tí bàbá mi ti ń di àwọ̀n ni wọ́n ń dúró sí. Kí obìnrin yẹn tó rìn dé ṣọ́ọ̀bù mi, bàbá mi ti gbọ́. Ó ti gbọ́ ṣáájú mi, ó sì ti ń padà wálé lójoojúmọ́, ó ń jẹun, ó ń béèrè mọ́tò.

Ó gbé orí sókè. Kò wò mí, omi ló ń wò.

"Éè tíì dáa," ó ní. "Nǹkan kan ṣì ń dún níbẹ̀."

Mẹkáníìkì la ẹnu láti bá a jiyàn. Mo di apá rẹ̀ mú.

"Èmi náà gbọ́ ọ, Bàbá," ni mo wí. "Ó ń dún. Ẹ jẹ́ kó gbé e padà."

"Kó gbé e padà," bàbá mi ní, ó sì jókòó ti àwọ̀n rẹ̀. "Kó má kánjú rárá."